Kúbùsù Àránpọ̀: Bí A Ṣe Lè Fi Àgékù Aṣọ Ẹgbẹ́ Wa Rán Aṣọ Ìbora

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ wa sọ níwájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ní ìpàdé wọn ní Ashaiman

   Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ tí a lè fi àgékù aṣọ ṣe. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bẹ akọ̀wé kí ó jẹ́ kí n mú aṣọ náà dání, nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ẹnu nìkan sọ tán. Òun ni mo tẹ́ sórí tábìlì yìí. Ẹ jẹ́ kó máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ nu ọwọ́ o.

Àwọn òyìnbó ń pè é ní quilt. Èmi ń pè é ní kúbùsù àránpọ̀. Ìpele mẹ́ta ni. Ojú rẹ̀ ni ègé aṣọ oríṣiríṣi tí a rán pọ̀ mọ́ra wọn. Inú rẹ̀ ni aṣọ mìíràn tó ń fún un ní ara, tí a kò ní rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni aṣọ kan ṣoṣo tí a kò gé. Abẹ́rẹ́ á wá gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, kí wọ́n má baà yẹ̀ lára ara wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn kan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú un kúrò ní ọ̀nà. Nígbà tí mo sá èyí tí mo kọ́kọ́ rán sórí okùn nínú àgbàlá wa ní Lebanon, aládùúgbò mi kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Àǹtí, ṣé ó ti wá tó bẹ́ẹ̀ ni?” Lójú tirẹ̀, aṣọ alábùlẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá wọ aṣọ alábùlẹ̀ jáde, ìyà ló ń jẹ ẹ́, tàbí kí orí rẹ̀ ti dàrú. Ìtìjú yẹn kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó wà ní ìdálẹ̀, nítorí aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, pàápàá ní ìlú tí wọn kò ti mọ bàbá ẹni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Aṣọ òkè tí ẹ ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, kí ni ó jẹ́? Ahunṣọ Ìsẹ́yìn kò hun ìró kan ní odidi rí. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń hun, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ bí ínǹṣì 4 tàbí kó lé díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé fọ́nrán yẹn sí gígùn, wọ́n á sì rán wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Sányán, àlàárì, ẹtù, àránpọ̀ ni gbogbo wọn. Kente àwọn ará ibí náà, àti ti Bonwire àti ti àwọn Ewe, ọ̀nà kan náà ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni UNESCO kọ iṣẹ́ híhun kente sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Fọ́nrán tí a rán pọ̀ ni gbogbo ayé ń yìn yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kú egúngún. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ilé mọ̀ pé ìdílé máa ń fi aṣọ tuntun kún un láti ọdún dé ọdún, aṣọ olówó iyebíye pẹ̀lú, tí wọ́n á fi ègé aṣọ mìíràn gbá etí rẹ̀ ní ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́sìn kan wà láàárín wa tí wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ egúngún, n kò sì wá fi í lọ̀ yín. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ ni mò ń sọ. Àwọn Fante ní etí òkun ń gé àwòrán ẹja, ọkọ̀ àti ènìyàn láti ara aṣọ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ àsíá Asafo wọn. Ní Abomey, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún ààfin. Ní ilẹ̀ Haúsá àti Borno, àwọn jagunjagun ń fi aṣọ onípele tí wọ́n ki nǹkan sí nínú bo ẹṣin kí ọfà má baà wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni mo gbé wá.

Àwọn tó wá gbé e dé ibi gíga jù lọ, lójú tèmi, ni àwọn ọmọ ìran wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Harriet Powers, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Georgia ní 1837. Ó fi ègé aṣọ rán ìtàn inú Bíbélì sára kúbùsù, ní ọdún bíi 1886. Nígbà tí nǹkan le fún un, ó tà á ní dọ́là 5 péré. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Amẹ́ríkà, Smithsonian, ni aṣọ yẹn wà lónìí.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti abúlé kan ní Alabama tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend, níbi tí odò ti yí i ká bí ẹni gbá a mọ́ra. Àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ ní oko òwú Pettway, púpọ̀ nínú wọn sì ń jẹ́ orúkọ olówó yẹn títí di òní. Òtútù ń mú wọn nínú ilé pákó, wọn kò lówó bùláńkẹ́ẹ̀tì, ni àwọn obìnrin bá ń gé ṣòkòtò iṣẹ́, àpò ìyẹ̀fun àti aṣọ tó ti gbó. Ọkọ Missouri Pettway kú. Ní 1942, obìnrin náà kó aṣọ iṣẹ́ oko ọkọ rẹ̀ jọ, ó rán an ní kúbùsù kí ó lè máa fi í bora, kí ó sì máa rántí rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, Arlonzia, tó bá a ya aṣọ náà, ló sọ ìtàn yìí nígbà tó dàgbà. Tí ẹ bá wo àwòrán rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí orúnkún ṣòkòtò ti ṣá. Ní 1966, àwọn obìnrin agbègbè yẹn dá ẹgbẹ́ ìránṣọ sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, tí wọ́n fi ń ta iṣẹ́ wọn fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ní 2002, wọ́n kó kúbùsù Gee's Bend lọ sí ilé àwòrán ńlá ní Houston, àwọn ènìyàn ń sanwó wọlé wò ó. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ sórí sítáǹpù. Aṣọ òtòṣì ni o.

Èmi kò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè rò pé ẹ ó di olówó. Mo sọ ọ́ nítorí Missouri Pettway. Ohun tó ṣe fún aṣọ ọkọ rẹ̀, àwa kì í ṣe é fún aṣọ àwọn tiwa.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọdọọdún là ń yan aṣọ. Ẹlòmíràn rà á ní yáàdì 6, ẹlòmíràn yáàdì 12. Télọ̀ gé e, ó rán an, ó da àgékù sínú àpò, òmíràn sì ṣubú sínú gọ́tà tí òjò yóò fi dí. Lẹ́yìn ogún ọdún, ìyá kan nínú wa lọ sí ilé Olúwa pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ ogún nínú àpótí. A sin ín, a ná owó, a jẹun. Àwọn ọmọ pín aṣọ. Wọn kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọdún tí a ra ilẹ̀ gbọ̀ngàn, wọn kò mọ èyí tí a wọ̀ nígbà tí a gba òkú arákùnrin wa ní bọ́dà Aflao. Mo ti fi ojú mi rí aṣọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ashaiman, mátè kan ń fi í nu gíláàsì trotro. Aṣọ dára lára rẹ̀ títí. N kò lè bá ọmọ náà jà, ó ra àkísà ni.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà ní ilẹ̀ yìí ní 1969 mọ̀ ju èmi lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà, Ṣakí tó ti ń tajà ní Gánà láti ìgbà bàbá wọn fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ lè dì mọ́ra ni aṣọ. Ní 1983, ó yí padà, Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà, àpò tí wọ́n fi di ẹrù wọn la ń pè ní “Ghana Must Go” títí dòní. Tí ẹ bá wo àpò yẹn dáadáa, pupa, búlúù àti funfun ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, ó jọ kúbùsù àránpọ̀. Àwọn ọmọ tí a bí ní Zongo Laka àti Túlákù lónìí ń gbọ́ Twi àti Ga ju Yorùbá lọ. Tí ẹ bá fún wọn ní ìwé ìtàn ẹgbẹ́, wọn kò ní kà á. Tí wọ́n bá ń sùn lórí rẹ̀, wọ́n á bi yín pé, “Ìyá àgbà, ti ọdún wo lèyí?”

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹgbẹ́ pé kí a máa rán kúbùsù kan fún ìdílé tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú nínú rẹ̀, láti ara aṣọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an, àti ọ̀kan fún ọmọ tuntun. Owó ìrànwọ́ kò gbọdọ̀ dín nítorí èyí o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ketekete, kí akápò wa má baà yọ̀.

Ó yá, iṣẹ́ wá kù. Ti ọmọ tuntun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó kéré.

Àwọ̀ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ènìyàn lè ní àgékù ogún, kó má mọ èyí tó bá èyí mu. Àwọn bàbá wa ti bá wa yanjú rẹ̀: funfun, pupa, dúdú. Gbogbo ohun tó mọ́lẹ̀, tó tutù lójú, fi í sí òkìtì funfun. Ohun tó gbóná, pupa fúnra rẹ̀, yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ igi, fi í sí òkìtì pupa. Búlúù tó ṣú, àwọ̀ aró, ewé tó dúdú, fi í sí òkìtì dúdú. Tí òkìtì kan bá pọ̀ ju, kúbùsù náà á sùn, ojú kò ní rí ibi tí yóò bà sí. Aṣọ òkú àwọn ará ibí, pupa òun dúdú, máa ń jẹ́ kí àwọ̀ funfun wọ́n nínú àpótí wa. Ẹ wá a kún un láti ara aṣọ ìdúpẹ́ onífunfun.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan aṣọ olórí kan tó ní àwọ̀ púpọ̀ nínú. Àwọ̀ inú rẹ̀ ni kí ẹ máa wá lára àwọn yòókù. Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ olódòdó ńlá. Aṣọ oníkókó kékeré bíi Nsu bura, tí àwọn ará ibí fi omi kànga sọ lórúkọ, máa ń bá aṣọ ńlá gbé láìjà. Aṣọ ẹlẹ́yẹ tí wọ́n ń pè ní Sika wo ntaban, pé owó ní ìyẹ́, ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń gé e: kí gbogbo ẹyẹ kọ orí sí òkè. Ẹyẹ tó dorí kodò nínú kúbùsù ọmọ kì í dùn mọ́ àwọn ìyá ọkọ nínú.

Òwú ni kí aṣọ jẹ́. Ankara GTP tí wọ́n ti ń tẹ̀ ní Tema níbí láti 1966, àti ti ATL ti Akosombo, ó dára, bí kò bá ti gbó jù. Ẹ má da léèsì tàbí aṣọ tó ń dán bí ọ̀rá pọ̀ mọ́ ọn. Áyọ́ọ̀nù tí òwú ń fẹ́ á jó o. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gé e, àtijọ́ àti tuntun, kí táṣì jáde, kí èyí tó máa sún kì sún kì. Àdìrẹ àti aṣọ pupa, ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún. Bí àwọ̀ bá ṣì ń jáde lẹ́yìn ìfọ̀ kẹta, ẹ yọ ọ́. Aṣọ kan ṣoṣo lè ba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jẹ́.

Ẹ gé páálí kan ní ínǹṣì 9 sí 9. Òun ni ẹ ó máa gbé lé aṣọ, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fà á yí ká. Ẹ gé ọgbọ̀n ègé: 10 funfun, 10 pupa, 10 dúdú. Ìbú ankara á mú 5 jáde, yáàdì kan á mú 20, nítorí náà gbogbo rẹ̀ kò ju yáàdì kan àbọ̀ lọ. Ẹ tò ó sílẹ̀ ní ìlà 6, ègé 5 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kìíní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú funfun, pupa, dúdú, ó sì tún padà sí funfun, pupa. Ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pupa, ìkẹta pẹ̀lú dúdú, ìkẹrin tún padà sí funfun. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí yóò fẹ̀gbẹ́ kan irú ara rẹ̀, àwọ̀ á sì máa rìn ní ìdábùú láti igun dé igun. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di alẹ́, kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ di ojú díẹ̀ wò ó. Èyí tó bá ń pariwo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èmi máa ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ láìní àwọ̀, dúdú òun funfun nìkan. Àṣírí á tú.

Ẹ rán an ní ìlà-ìlà, kí ẹ fi ìdajì ínǹṣì sílẹ̀ fún ìránpọ̀. Áyọ́ọ̀nù ló ń ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀. Lórí ìlà kìíní, ẹ tẹ ojú ìránpọ̀ sí apá ọ̀tún, lórí èkejì sí apá òsì, kí wọ́n lè há mọ́ra wọn nígbà tí ẹ bá ń so ìlà pọ̀, kí igun sì pàdé. Tí ẹ bá parí, ẹ ó ní ínǹṣì 41 sí 49.

Ẹ̀yìn, ẹ ra yáàdì kan àbọ̀, kí ẹ gé e ní 44 sí 52. Inú ńkọ́? Ooru Ashaiman kò gba fóòmù. Bùláńkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tó ti gbó láti inú obroni wawu, tí ẹ ti bọ̀ nínú omi gbígbóná, ti tó. Àwọn kan fẹ́ òwú àràbà. Ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìfọ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ á kó sí igun kan bí ọ̀rá. Ẹ tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ẹ tẹ́ inú lé e, kí ẹ tẹ́ ojú lé gbogbo rẹ̀. Láti àárín ni kí ẹ ti fi ọwọ́ rán an ní ìrán gígùn-gígùn tí ẹ ó tú nígbẹ̀yìn, kí ẹ máa lọ sí etí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, àárín á wú bí ikùn alábaun. Lẹ́yìn náà, maṣíìnì á tẹ̀ lé ojú ìránpọ̀ gbogbo, láti àárín náà ni. Abẹ́rẹ́ 14, tàbí 16 bí inú bá ki. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ń ṣe é dáadáa. Nígbà dumsor ọdún 2012 sí 2016, àwa oníṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ là ń ṣiṣẹ́, àwọn oníná ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

Ìṣẹ́tí ló kù. Fọ́nrán 5 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 2 àbọ̀ láti ìbú ankara, ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ fi gbá etí yí ká, á tó, á sì ṣẹ́kù díẹ̀. Àwọ̀ dúdú ló dára jù fún etí, nítorí ọwọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ìyá ọmọ: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má fi aṣọ tó nípọn bò ó lójú oorun. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó máa ṣeré lórí rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ rẹ̀ ń bọ̀.

Àwọn kan ti bi mí ní kọ̀rọ̀ pé, “Ta ló máa kó aṣọ ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn gé?” Ìbẹ̀rù yẹn kò yà mí lẹ́nu, n kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo dábàá ni pé kí olúkúlùkù fọ aṣọ tirẹ̀, kó gé e fúnra rẹ̀ nílé rẹ̀, kó sì jókòó níbi tí a ti ń rán an. Àgékù tó bá kù, kó kó o lọ. Ti òkú, ọmọ olóògbé ni yóò gé e, kì í ṣe ẹgbẹ́.

Títà ńkọ́? Ẹ lè tà á. Àwọn àlejò ń ra irú rẹ̀ ní Accra. Ṣùgbọ́n mo fi alẹ́ mẹ́wàá rán èyí tí ẹ dì mú yìí, n kò sì mọ ẹni tí yóò san owó alẹ́ mẹ́wàá fún mi. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa kọ́ ọ nítorí ọwọ́ wọn: ẹni tó bá lè mú kí igun ọgbọ̀n pàdé, kò sí ṣòkòtò tí yóò bà á lẹ́rù.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí obìnrin kọ̀ọ̀kan mú ègé mẹ́ta wá, funfun kan, pupa kan, dúdú kan, tó ti fọ̀, tó ti gé ní 9 sí 9, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún aṣọ náà sí ìwé kékeré kan, kí ó so ó mọ́ ọn. Ẹni mẹ́wàá péré ni kúbùsù kan. Àwọn tó ní maṣíìnì ọlọ́wọ́ tó ṣeé gbé, kí wọ́n sọ fún akọ̀wé kí wọ́n tó lọ lónìí. Èmi á mú áyọ́ọ̀nù eléèédú mi wá, èédú ni kí ẹgbẹ́ rà. Ìyá tó ń bímọ ní oṣù tó ń bọ̀ nínú wa, mo rí i pé ó ti ń wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Kò sí ní títà, ìyá mi. Tìẹ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.